Mo Sọ Fún Olùkọ́ Pé A Ò Jọ Lọ

Ẹ̀gbọ́n wa Nafula, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò ní Eldoret. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi.

Ọdún kìíní ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni mo wà ní yunifásítì. Bí olùkọ́ ìṣirò wa bá béèrè pé, "Ṣé a jọ ń lọ?", ìyẹn ni pé ṣé ó yé wa, gbogbo kíláàsì á ní, "A jọ ń lọ." Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan.

Cherop, ọmọ ọdún kẹta tí wọ́n ní kó máa tọ́ mi sọ́nà, ló sọ pé, "Àbúrò, bí kò bá yé ọ, sọ pé a ò jọ lọ. Èmi dákẹ́ lọ́dún tèmi, mo sì fìdí rẹmi."

Mo sọ ọ́. Olùkọ́ tún un ṣàlàyé, ó yé gbogbo wa. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá rú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Agbẹnusọ, dá olùkọ́ lóhùn."

Ní báyìí olùkọ́ rò pé èmi nìkan ni ìṣirò ò yé, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, ká wò ó bóyá kí n fi ẹ̀kọ́ ẹnjiníà sílẹ̀. Mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n bá mi lọ. Wọ́n ní ó ti yé àwọn ní tàwọn. Cherop nìkan ló sọ pé, "A jọ ń lọ."

Síbẹ̀ mi ò rí oorun sùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, bí olùkọ́ bá ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí n kúrò, tó wá béèrè bóyá a jọ ń lọ, kí ni kí n sọ?