Ọ̀rọ̀ Kan Náà Lórí Káàdì Màlúù Méjì

                                        Yàrá Akọ̀wé,
                                        Ọgbà Màlúù,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹlẹgbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì,

Ìwé rẹ ni mo wò kọ nínú ìdánwò òyìnbó tá a fi jáde ní girama. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, tójú ń tì mí. Jọ̀ọ́, má ya lẹ́tà yìí o.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n dìde fúnra wọn? Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ tán, màá tún sá ni.

Èsì ìdánwò yẹn ló sọ mí di akọ̀wé níbí. A kì í so nọ́ńbà mọ́ màlúù létí; àwọ̀ ara wọn la fi ń dá wọn mọ̀, èmi ni mo sì ń kọ ọ́ sí káàdì lédè òyìnbó. Àwọn aláràbarà ló ń bá mi jà. Wọ́n ní “piebald” ni èyí tó ní dúdú àti funfun ńláńlá, “brindled” ni abilà, “speckled” ni oní-tótòtó bí ẹtù, “mottled” sì ni adíkálà, tí àwọ̀ rẹ̀ wọnú ara wọn bí ògiri tí òjò ti ṣàn lé lórí. Mo há a sórí títí, àmọ́ bí mo bá ti mú bírò, ó parí. Èyí tí kò bá ti yé mi, “mottled” ni mò ń kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà ẹran ní kí wọ́n pa “mottled” tó wà ní ilé màlúù kẹta, ó ní àrùn. Káàdì méjì ni mo kọ “mottled” sí níbẹ̀, ti adíkálà àti ti abilà kan. Bàbá tó ń tọ́jú àwọn màlúù pariwo pé, “Adíkálà lẹ ń wá, abilà kọ́!” Apẹran fèsì pé, “Bàbá, ṣé ẹ lè ka káàdì ni?” Ó sì pa abilà, tó lóyún, tára rẹ̀ le koko. Adíkálà tó lárùn ń bá àwọn yòókù jẹun títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá wa ní Bàbá ló fa ẹran tí kì í ṣe èyí tí dókítà ní kí wọ́n pa jáde. Wọ́n ti lé e. Lánàá ló wá bá mi: “Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé káàdì yẹn kò ṣìṣe?”

Mo ní, “Bàbá, káàdì kì í ṣìṣe.”

Ó ní, “O ṣeun.” Ó kí mi, ọ̀rẹ́ mi! N kò lè jẹun láti àná. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a. Tèmi ti kọjá ogún.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Má sọ fún màmá. Akọ̀wé ni wọ́n ṣì ń pè mí. Lọ́la, kí Bàbá tó di ẹrù rẹ̀ tán, màá mú káàdì méjèèjì lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, màá ní èmi ni mo kọ wọ́n, n kò sì mọ ohun tí mo kọ.

Èmi ni, ẹni tó jókòó tì ọ́ tó ń na ọrùn wo ìwé rẹ,
Ọlọ́rùn-Gígùn.