Ẹjọ́ Tí Wọ́n Dá Padà sí Ìbẹ̀rẹ̀ ní Bàrígà

Morọ́láyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú mi dé Bàrígà, tó tún mú mi padà sílé láìsọnù ní Onípanù, kò ní jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ láéláé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìtòrì. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, òun náà ló jẹ fìlà tí mo dé wá sọ́dọ̀ rẹ, n kò sì lè bá abiyamọ jà.

O mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀wò lásán ni mo bá wá. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé ọkọ obìnrin aláìsàn kan gbá ọ létí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ ni oorun ti dá lójú mi. Ẹrù rẹ ni mo wá kó wálé. Àfi bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn ọsibítù yín, tí mo bá wọn lẹ́nu ẹjọ́ náà gan-an! Ìwọ rèé nínú aṣọ funfun, ọkùnrin náà rèé, Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n ń pè é, ó ń jágbe mọ́ ọ, ó sì ti na ọwọ́ sókè. Ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń darí wọn níwájú èrò tó jókòó, Faridah ni wọ́n pè é, bá pàtẹ́wọ́. Morọ́láyọ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lókè! Kò sí baálẹ̀ tó lè ṣe irú ẹ̀ nílùú wa. Tiwa, ẹjọ́ a máa lọ síwájú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n ní tiyín, wọ́n dá ìjà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún un jà dáadáa. Dókítà kan dìde láàárín èrò, ó bọ́ sí àyè rẹ, ó bá a sọ̀rọ̀, kò wọ ọkùnrin náà létí. Nọ́ọ̀sì mìíràn gbé àga fún un, ó béèrè bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, ohùn ọkùnrin náà sì rọlẹ̀. Ẹnu mi ò lè padé.

Faridah wá béèrè ẹni tó tún ní ọ̀nà mìíràn. Ta ni kò ní dìde? Mo bọ́ síwájú, mo ní kí ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi. Ó wo Faridah, ó wò ọ́, ó wo ojú mi. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí o forí ji òun, pé ẹ̀rù ikú ìyàwó òun ló ń ba òun, òun kò kórìíra rẹ. Kò dìde títí o fi ní kó dìde, omi sì ń bọ́ lójú rẹ.

Nígbà tí à ń lọ sílé rẹ ní Ṣómólú, o sọ fún mi pé eré ni, pé òṣèré ni Ẹkúndayọ̀, pé wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀yin oníṣègùn bí a ṣe ń pẹ̀tù sí ìbínú, àti pé ẹni tó gbá ọ gan-an kò padà wá rí. Mo ní mo gbọ́. Ọmọlúàbí ni ọ́, o ò fẹ́ dójú ti Ẹkúndayọ̀. Àmọ́ mo rí i pé o jẹ ẹ̀bà rẹ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, o sì sùn fọnfọn. N kò mẹ́nu kan ẹrù mọ́.

Ìyá rẹ ní a gbọ́dọ̀ fi iṣu ránṣẹ́ sí Ẹkúndayọ̀, nítorí ẹni tó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Jọ̀ọ́, fi owó tí awakọ̀ yóò gbà ránṣẹ́, kí o fi ti fìlà mi lé e.

Ọwọ́kọ́wọ́ tó bá tún fẹ́ gbá ọ, òkè náà ni yóò dúró sí. Bó bá sì jẹ́ pé eré ni lóòótọ́, ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ ní Bàrígà, ó sì ṣojú mi kòró.

Èmi bàbá rẹ,
Bámilóyè