Àwòrán Mi Lára Ògiri Dókítà Prentiss

418, Òpópónà Cascade,
Erie, Pennsylvania.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Colleen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Cleveland lọ́hùn-ún? Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Doug wà? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn láìmú ọ̀pá? Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Níhìn-ín, a dúpẹ́, ara wa le. Bàbá mi ṣì ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì, wọn kò sì yéé ṣàròyé pé yìnyín ọdún yìí kò tó nǹkan. Ìyá Àgbà ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni n ó mú ọkọ wálé, bí ẹni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ti ń tà wọ́n.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ní nígbà tó o lọ mú Maura àbúrò rẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa àtijọ́, o rí àwòrán mi gbàǹgbà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà Prentiss, tí wọ́n kọ "Àwọn Dókítà Wa Lọ́la" sí òkè rẹ̀, pé orí rẹ wú, o sì pariwo títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi yíjú wò ọ́. Má bínú sí mi, Colleen. Èmi kò lè bá ọ yọ̀. Kò sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Inú káàdì ìdánimọ̀ ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, ìgbà tí wáyà tí wọ́n fi ń to eyín ṣì wà lẹ́nu mi, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi gé irun iwájú orí bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ lórí.

N ó sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí o ti lọ sílé ọkọ kí ọ̀rọ̀ náà tó gbóná, àti nítorí ìlà kan tó o jù sí ìparí lẹ́tà rẹ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan: pé Maura gba C nínú kẹ́mísìrì, àti pé Dókítà Prentiss ti fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ní kó tún un ṣe lọ́dọ̀ àwọn. Ìlà yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ṣé o rántí ọdún wa kejì? Mo gba C mẹ́rin, GPA mi wá di 2.7 nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pẹ̀lú irú ìyẹn, àfi kí ó máa wo ilé náà láti òdìkejì títì. Mo lọ bá Dókítà Prentiss tó jẹ́ olùdámọ̀ràn wa. O mọ ọ́fíìsì náà, bó ṣe máa ń móoru, àti ọrùn rẹ̀ tó fi táì onílabalábá dè bí ẹ̀bùn Kérésìmesì, àti abọ́ súìtì míǹtì tó máa ń tì síwájú ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n.

"Tess, nu ojú rẹ, jàre," ló wí. "Ṣé tìtorí èyí lo ṣe ń sunkún? Tún wọn ṣe níbí, lọ́dọ̀ wa. Tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o ṣubú rí."

"Ṣé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ò ní rí i, sà?"

"Ohun tó bá wà nínú ìwé wa ni wọ́n máa rí. Mú súìtì kan."

Mo mú súìtì. Mo tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, ọdún kan àtààbọ̀ gbáko, mo ń jókòó ti ẹ̀kọ́ tí mo ti mọ̀ dé ìdajì nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ síwájú. Nígbà tí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì fi hàn pé ó ti di 3.3, ìwọ lo ra písà wá, a sì jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa fi fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà.

Ìwọ tó ka akáǹtì, o lè má mọ bí tiwa ṣe rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ìgbìmọ̀ kan. Bí o bá fẹ́ wọ ìṣègùn, wọ́n á pè ọ́ jókòó, wọ́n á wádìí rẹ wò, wọ́n á sì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lórúkọ gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí lẹ́tà yẹn kò bá sí nínú fọ́ọ̀mù rẹ, àwọn tó ń gbani wọlé á máa bi ara wọn pé kí lo ṣe tí ará ilé rẹ kò fi lè jẹ́rìí sí ọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Mo wọ aṣọ tí àǹtí mi Irene, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yá mi, mo lọ. Prentiss ni alága. Àwọn olùkọ́ méjì tó jókòó tì í kò la ẹnu àfi kí wọ́n yán. Ó ní GPA mi jẹ́ mẹ́ta géérégé, ó kéré jù fún àwọn.

"3.3 ló wà nínú ìwé yín, sà."

"Nínú ìwé tiwa, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ìṣègùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà, ti àtijọ́ àti tuntun. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

Ta ni ò mọ ìyẹn! Colleen, mo wo ẹnu ọkùnrin náà. Ẹnu kan náà ni. Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n tún un ṣe."

"Èmi kẹ̀? Bóyá mo ní kó o rò ó wò ni. Wò ó, Tess, a ò lè kọ lẹ́tà fún ẹ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Òun náà dáa. Kò le tó bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó wọ aṣọ tó yá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́ fún o! Àǹtí Irene ti fi iṣẹ́ tí kò le yẹn ba ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́. Mo gbé ojú kúrò lára Prentiss kí n má baà sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í kó mọ́, ni mo bá rí ohun tí wọ́n kọ sí ara ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀: nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tí a bá fọwọ́ sí, mẹ́sàn-án ń wọlé. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n ń kọ̀ kí wọ́n tó rí mẹ́wàá yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yán wúkọ́. Prentiss ti abọ́ súìtì síwájú mi.

Ọ̀rẹ́ mi, àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹlẹ́ja tó da gbogbo ẹja wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ilé, tó wá ń pariwo fún oníbàárà pé kò sí ẹja kékeré nínú apẹ̀rẹ̀ òun! Ìyẹn ni wọ́n fi ń tan àwọn òbí wọlé. Mo kórìíra rẹ̀ títí di òní.

Mo padà sí Erie. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ sí kíláàsì ní yunifásítì ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Dókítà Marchetti, olùkọ́ wa, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ dún ju ara rẹ̀ lọ. Mo ti ń múra láti tún àwọn ẹ̀kọ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ yìí. Kò lè parẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kọrí sí ni wọ́n máa wò. Èyí tó le jùyẹn lọ ni kó o mú, kó o sì yege."

Kò fún mi ní súìtì. Mo mú àwọn tó le jùyẹn lọ, gbogbo wọn ni mo sì gba A nínú wọn. Nígbà ìdánwò àbáwọlé, orí tábìlì ilé ìdáná ni mo sọ di yàrá ìkàwé, Bàbá ń yọ́ rìn bí olè nínú ilé ara wọn, Ìyá Àgbà sì ń ka rósárì sí mi lórí kí n má baà sùn lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nílé ìtọ́jú wa, bí arúgbó bá yàgbẹ́ sára, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi òróró míǹtì kun abẹ́ imú kí wọ́n tó wọlé. Èmi kì í lò ó. Òórùn ìgbẹ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan, àmọ́ bí míǹtì bá ta sí mi nímú, mo máa ń sá ni, abọ́ súìtì Prentiss ni mo ń rántí. Rhonda tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Tess, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ imú rẹ wò. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń sá fún òórùn dáadáa lọ bá ìgbẹ́."

Marchetti àti ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú ló kọ lẹ́tà fún mi. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ mí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fèsì. Ọ̀kan pè mí, ní West Virginia. Dókítà àgbà obìnrin kan ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, kò sì jẹ́ kí n jókòó dáadáa tó fi bi mí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì mi ní ìgbìmọ̀, lẹ́tà wọn dà? Mo ti há irọ́ méjì sórí, èyí tó dùn àti èyí tó dùn jù ú lọ. Méjèèjì fò lọ.

"Wọ́n kọ̀, mà. Wọ́n ní GPA mi kéré jù. Èmi rò pé wọn ò fẹ́ kí n ba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín nínú imú. "Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dáa, sọ fún mi nípa àwọn arúgbó rẹ."

Wọ́n gbà mí ní oṣù kìíní. Inú ọkọ̀ yìnyín ni Bàbá wà nígbà tí mo pè wọ́n. Wọ́n fi fèrè ọkọ̀ han gbogbo àdúgbò léèmọ̀, àwọn èèyàn ń yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń bú wọn, Bàbá sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ máa bú mi! Ẹ̀ ń bọ̀ wá gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ mi!"

Kò pẹ́ ni akọ̀wé Prentiss kọ̀wé sí mi. Ó fẹ́ àwòrán mi, ó sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe gbé mi ró. Mi ò fèsì, mo rò pé ó tán. Àṣé bí mo ṣe dákẹ́ ni wọ́n lọ hú káàdì àtijọ́ jáde. Ọmọ tó bá dára, ti baba ni. Àwọn tó lé mi jáde láti ẹnu ọ̀nà ti fi mí kún mẹ́sàn-án wọn.

Lánàá ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́. Akọ̀wé ní, "Yọ ọ́ kẹ̀? Àpọ́nlé ni o, Tess! Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá tún ògiri kùn. Dókítà Prentiss ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé o máa débẹ̀."

Mo pa fóònù. Nígbà tá a lọ jẹ ẹja díndín ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń tà nígbà ààwẹ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná nírọ̀lẹ́, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ìyá Àgbà fa àwo mi sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní ìbínú mi kò kan ẹja. Bàbá ní kí n jẹ́ kí àwọn wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, àwọn á kó ògiri náà bí ẹni kó yìnyín. O kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé Maura lè bá mi bó o jẹ́jẹ́ fún ìrántí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pè é, ǹ bá ní kó fi ọ̀bẹ bó o dànù lọ́sàn-án gangan.

Àmọ́ mo rò ó wò. Ojú mi tó ní wáyà yẹn ni Maura ń wò bó ṣe ń dúró de Prentiss. Gbogbo ọmọ tó gba C ló ń wò ó kó tó wọlé lọ gba súìtì, wọ́n sì ń rò pé ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo gbà kọjá. Bá mi sọ fún un pé C rẹ̀ kò lè parẹ́, bó ti wù kó tún un ṣe tó, pé kó fi í sílẹ̀, kó mú èyí tó le jù ú lọ. Kó máa wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, n ó máa kọ́ ọ ní kẹ́mísìrì náà títí n ó fi lọ sí West Virginia. Kò ní san kọ́bọ̀, àfi kó múra láti dáhùn ìbéèrè Ìyá Àgbà nípa ọkọ.

Bá mi kí Doug, kí o sì bá mi dì mọ́ Màmá, má fara kan orúnkún wọn. Bàbá, Ìyá Àgbà àti Àǹtí Irene ń kí gbogbo yín.

Ó ku ohun kan. Kí Maura má bó àwòrán náà o. Kó ra yíǹkì dúdú, irú èyí tí omi kò lè fọ̀, kó kọ nọ́ńbà fóònù mi gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀, kó sì kọ èyí lé e lórí: "Pè mí kó o tó wọlé. Bi mí pé ta ló kọ lẹ́tà fún mi."

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri,
Tess Hrabovsky.