Tíṣà, Wọ́n Yìn Mí Títí Mo Fi Jẹ Owó Orí

Tíṣà, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí o fi wá sílẹ̀ ní Erio. Ọdún mẹ́ta tí kò ti sí ẹni tó ń bá mi wí pé mo wọ bàtà oko wọ pálọ̀. Mo ṣì ń bọ́ bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ ní kí n kọ ìwé ìrántí yìí kó dùn. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ayọ̀bọ́lá ti di nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, o sì ti ní ọmọ-ọmọ obìnrin kan tí iwájú orí rẹ̀ jọ tìrẹ. Joshua ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Aramoko. A ti kan páànù tuntun sórí yàrá ẹ̀yìn tó ń jò. Gbogbo ìyẹn la rí ṣe. Ṣùgbọ́n Tíṣà, nǹkan ò lọ dáadáa, mi ò sì lè purọ́ fún ọ lónìí.

Oko kòkó wa fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Oko ọ̀nà Ìkògòsì tí èmi àtìrẹ jọ gbìn lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, tí o máa ń wọ bàtà mi tó tóbi jù ọ́ lọ láti lọ bá mi níbẹ̀ ní Sátidé. O ò mọ̀ pé mo ti fi dógò. Nígbà tí àìsàn rẹ le, tí o ń bi mí pé níbo ni owó ọsibítù ti ń wá, mo ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ló yá wa. Irọ́ ni. Bámigbóyè tó ń ra kòkó ló kówó sílẹ̀, mo sì fi oko lé e lọ́wọ́ pé kó máa kórè rẹ̀ títí n óo fi san gbèsè náà. Bí ọdún yìí bá parí tí mi ò tíì san án, oko di tirẹ̀. Ká ní o mọ̀ ni, ò bá ti kọ oògùn náà sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí o lọ ni kòkó wá wọ́n. Ó wọ́n débi pé àwọn tó ti gé tiwọn lulẹ̀ ń ká ọwọ́ lérí. Bámigbóyè ń ká tiwa, ó sì ń kí mi tayọ̀tayọ̀ lójú ọ̀nà. Ara mi máa ń gbóná tí mo bá rí i.

Ohun kan ṣoṣo tó lè gba oko náà padà ni owó tìrẹ, owó ìfẹ̀yìntì gbogbo ọdún tí o fi ṣe tíṣà, tí wọ́n máa ń san fún ọkọ tàbí aya tó bá kù lẹ́yìn ẹni. Láti ìgbà tí a ti sin ọ́ ni mo ti ń lépa rẹ̀. Mo kó ìwé ìgbéyàwó lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Adó, mo kó ìwé ikú lọ, mo kó fọ́tò lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé opó wo ni mo wá ṣojú fún. Mo ní èmi gan-an ni opó náà. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ẹbí rẹ wá jẹ́rìí pé èmi ni ọkọ rẹ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Bọ̀ọ̀dá Afọlábí, wá láti Ìkòrò, òun àti Màmá tó bí yín. O mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó bá lọ ń gba owó ìyàwó rẹ̀ tó kú, wọn a máa wò ó bí ẹni tébi ń pa. Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹn wò mí. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní àna àwọn kì í ṣe ẹni tó ń wo ọwọ́ ìyàwó. Ó ní àgbẹ̀ ńlá ni mí, pé oko kòkó mi lọ súà, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò jáde. Màmá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ̀wé sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyìn yẹn ló pa mí. Wọ́n ní owó tìrẹ fúnra rẹ̀ ò ní owó orí nínú, ṣùgbọ́n èmi tí mo fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé mo ti san owó orí tèmi. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó orí, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá ti ṣáájú mi débẹ̀. Àgbẹ̀ ńlá! Iye tí wọ́n ń ra kòkó báyìí ni wọ́n fi ṣírò oko náà, láti ọdún tí o ti kú, bẹ́ẹ̀ èso kan ṣoṣo mi ò ká níbẹ̀. Owó orí tí wọ́n bù lé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fẹ́ gbà. Wọn ò sì ní yọ ọ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ wá a san. Níbo? Tíṣà, níbo ni kí n ti rí i?

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò le, kí àwọn tó jẹ́rìí ṣáà padà wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò le létí tiwọn. Kí Bọ̀ọ̀dá tó lè sọ pé mi ò ní oko, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí oko lọ fún un. Bí mo bá sì sọ ọ́, mo ti sọ fún Màmá pé àìsàn ọmọ rẹ̀ ló gbé oko náà, obìnrin tó ṣì ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí kò mú òun dípò rẹ. Mo pa ẹnu mọ́. Òjò rọ̀, òjò dá, mo pa ẹnu mọ́. Mo máa ń rìn lọ sí ẹ̀bá oko náà, n óo kàn dúró síta bí olè. Kí ni kí n ṣe? Ìwọ lo máa ń mọ ohun tí a máa ṣe. Kí ni kí n ṣe, Tíṣà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá wá bá wa múra ìrántí yìí sílẹ̀. Ó jókòó ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, mo bá sọ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé ṣé wọ́n máa ń ṣí ọ́fíìsì náà ní Ọjọ́rú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbé báàgì, ó ní ká máa lọ sí Adó.

Níwájú gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀, Màmá sọ fún wọn pé àṣìsọ ni tìjọ́sí. Ó ní oko ti lọ, àìsàn ọmọ òun ló gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà ní bí kò bá sí oko, kí wá ni bàbá yìí fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ látẹ̀yìnwá. Màmá wò mí díẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ọmọ mi ló gbé ulé yẹn ró," ló wí. "Kòkó ò tíì lówó lórí nígbà náà. Ọmọ mi ló ń bọ́ ọ."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Tíṣà, ní ìparí oṣù, o máa ń kó owó oṣù rẹ lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá, kí n lè jáde sí pálọ̀ wá ka owó oúnjẹ fún ọ níṣojú àwọn ọmọ àti àlejò. Mo rò pé èmi àtìrẹ nìkan la mọ̀. Àṣé Màmá mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, sà.

Wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé àwọn yóò pè wá. Wọn ò tíì pè, ọdún sì ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá oko náà yóò padà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí, ní Erio, ní Ìkòrò, níbi gbogbo tí wọ́n ti ń pè mí ní baálé ilé, mọ̀ pé ìwọ lo bọ́ èmi Olúwọlé àti àwọn ọmọ mi, o ò sì jẹ́ kí ojú tì mí lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ràn rẹ, Abigail. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, mi ò tíì jẹun yó.