Aṣọ Tó Ṣeé Fi Kúnlẹ̀

Jeudi (Ọjọ́bọ̀), oṣù mars, Koumassi, Abidjan

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n rí ìwé kọ.

Lọ́túnla ni Màámi ń bọ̀ láti Èjìgbò. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, síkẹ́ẹ̀tì tó fún pinpin ni Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi wọ̀, kò lè kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n padà délé, wọ́n ń sọ kiri pé ọmọ Abidjan ò mọ àgbà á kí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ni mo bá mú un lọ sọ́jà lónìí. Léèsì kọ́, nínú ooru yìí! A rí gáùn òwú kan tó fẹ́lẹ́, tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó ní ó tutù lára òun, ó tún ní àpò méjì.

Mo ní, "Ó yá, kúnlẹ̀ ká wò ó." Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá Jùlá tó ń ta á, tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo ní kó dìde, kó tún kúnlẹ̀.

Ìyá yẹn fò sókè. "Lève-toi, ma fille!" Dìde, ọmọ mi! Ó fà á dìde, omi ti lé sí ìyá náà lójú. Àṣé ó rò pé ọmọ ń bẹ òun kí òun dín owó kù! Ó sọ gáùn kejì sínú àpò wa, ó ní cadeau ni, pé òun fi ta wá lọ́rẹ. Mo ṣàlàyé títí, ó rẹ́rìn-ín títí, kò gbà á padà.

Mọrẹ́nikẹ́ tó máa ń bá mi jiyàn lórí ìkúnlẹ̀ gbọn eruku orúnkún ẹ̀, ó ní: "Maman, ọ̀dọ̀ oníbàtà ńkọ́?"