Àgbélébùú Méjì Lórí Ìwé Ṣítù

Kílíbò, ọjọ́ Jímọ̀

Ṣítù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Hàníyyà ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Albarika. Ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé aṣọ ń tà lọ́jà Arzèkè? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣófo. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ń ṣa èso kajú lóko, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí n sọ fún ọ, ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo sì ń kọ lẹ́tà yìí, torí ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ti ń wọ̀ mí lórí.

Mo rí fọ́tò ìwé àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù. Ẹ̀rù bà mí. N kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n bí mo bá rí àgbélébùú mo mọ̀ ọ́n, méjì ni mo sì rí lábẹ́ orúkọ rẹ. Mo ní háà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ àgbà lọ Mẹ́kà, wọ́n ti sọ ọ́ di onígbàgbọ́ nítorí pé ó ń wá ọmọ. N kò lè jẹun. Mo gba ọ̀dọ̀ Paul lọ, ẹni tó ń tọ́jú wa ní ilé ìwòsàn níbí, torí òun ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó bá mi bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n pa á rẹ́.

Ó wo fọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ti ìsìn, àmì àròpọ̀ ni, pé bí wọ́n ṣe ń fi iye kòkòrò hàn nìyẹn, kòkòrò ti wọ inú omi tí ọkùnrin fi ń bímọ, ó ń ba àtọ̀ jẹ́. Ìyẹn yé mi kíákíá, ṣebí èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀wà ilé yìí lọ́wọ́ kòkòrò. Mo ní kí o máa yá oòrùn, kí n sì fi ata gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní rárá, kòkòrò yìí kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ, oògùn dókítà ni kí o lò tán, kí Hàníyyà náà lo tirẹ̀ kí ẹ má baà máa kó o ran ara yín, kí o má sì dá a dúró torí pé kò dùn ọ́ mọ́ nígbà tí o bá ń tọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí o tún ṣe àyẹ̀wò. Ó ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n òun mọ àwọn tó lò ó tí wọ́n sì bímọ. Mo ti di ata náà tán, ẹ fi se ọbẹ̀.

Ṣítù, inú mi dùn, ojú sì ń tì mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ikùn Hàníyyà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ, èmi ni mo pè é ní àgàn níwájú ẹbí, èmi ni mo ní kí o fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì gbé oúnjẹ mi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. N kò bi ọ́ léèrè ohun tó ń ṣe ìwọ rí, torí pé ìwọ ni mo bí.

Owó ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́. Má gba inú tẹlifóònù fi í ránṣẹ́ o, omi wọ inú rẹ̀ lánàá, n kò fẹ́ kí owó náà tutù, fún dẹ́rẹ́bà tó bá ń bọ̀ ní Kílíbò. Owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ wá sí Albarika ni, èmi àti àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta tó jókòó tì mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà. Etí wọn ni mo ti bú Hàníyyà, etí wọn náà ni n ó ti bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run fi ìwòsàn sínú oògùn náà, kí ó jẹ́ kí ẹkún ọmọ tuntun jí yín láàárọ̀. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, sọ fún Hàníyyà pé mo ti ní ọmọ ní Albarika, òun ni.

Ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Mùtíátù