Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Jọ́nà yẹn, ìwé ìwádìí àwọn olùkọ́, tún ti dá àpilẹ̀kọ mi lórí ìkọ́ni ní ìtàn padà. Wọ́n ní ìtàn Ayọ̀bọ̀, àdúgbò wa, tó wà nínú rẹ̀ ò ní ẹlẹ́rìí, kí n má fi ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀bi mi ni, jàre. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ ara mi, kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò má bàa mọ̀ mí. Èmi wá yọ ti Bàbá Làmídì náà, bàbá tó dáko níbí kó tó di ilé, tó sọ ìtàn ọ̀hún fún kíláàsì mi.

Bí mo ṣe ń ti iléèwé bọ̀, ó pè mí. "Tíṣà, ṣé orúkọ mi ti jáde?"

"Ó ti jáde, bàbá."

Ó ní kí n tètè mú ìwé náà wá, kí ojú òun tó fọ́ tán.